Ahọ́n Múìbátù Kò Jẹ̀bi

Ilé Aránṣọ, Ọ̀jọ́,
Àárọ̀ Ọjọ́ Ajé.

Àbẹ̀kẹ́ mi, ọmọ tí mo fi ọwọ́ ara mi tọ́,

Ṣé àlàáfíà ni o dé Òkòkómáíkò lọ́jọ́ Sátidé? Mo ní láti bèèrè, nítorí o kò dúró kí a dágbére. Mo wọ ilé ìdáná lọ bu ọbẹ̀ kún ọbẹ̀ rẹ, mo gbọ́ tí bọ́lẹ̀kájà fọn fèrè lójú títì Àgbádárìgì, kí n tó jáde, ìwọ àti àpò rẹ ti lọ. Ẹja tí mo dín fún ọ, bàbá rẹ ló jẹ ẹ́. Wọ́n ní ìbànújẹ́ rẹ kò jẹ́ kí àwọn mọ adùn rẹ̀, ṣùgbọ́n mo wo inú àwo, eegun nìkan ló ṣẹ́ kù.

Ìdí tí mo fi jókòó kọ̀wé dípò kí n wọkọ̀ wá bá ọ ni pé bí èmi àti ìwọ bá forí korí, ìwọ á máa sọ, èmi á máa sọ, ẹni tí ohùn rẹ̀ bá le jù ni yóò borí. O sì mọ̀ pé ohùn mi le. Ìwé kì í jágbe mọ́ni. Kà á dé òpin kí o tó bínú. Mi ò ní kọ irú rẹ̀ sí ọ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí láti ìgbà tí iléèwé ti di ọ̀fẹ́ ni kákí kò ti kúrò lórí máṣíìnì mi, àwọn òbí sì ń jókòó dè mí lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó wá gba ogún bàbá rẹ̀.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ to ọ̀rọ̀ rẹ bí mo ṣe gbọ́ ọ láàárín ẹkún, kí o lè mọ̀ pé mo gbọ́. Wọ́n rán ọ lọ sí òkè òkun, o lọ kọ́ bí a ṣe ń ran ọmọ tí ọ̀rọ̀ kò já gaara lẹ́nu rẹ̀ lọ́wọ́. O dé, wọ́n fún ọ ní kẹ̀kẹ́, wọ́n ní kí o máa yí iléèwé mẹ́ta ká: ti Ọ̀jọ́ níbí, ti Ìbà, àti ti Òkòkómáíkò níbi tí o gba yàrá sí. Ní Ìbà, yàrá tí wọ́n ń kó ọkọ́ àti àdá sí ni hẹdimásítà fún ọ. Àwọn tíṣà ẹgbẹ́ rẹ ń pè ọ́ ní Mísì Akólòlò, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Inú yàrá ọkọ́ yẹn ni o ti rí Múìbátù, ọmọ agégi kan, tí kò sọ̀rọ̀ rí ní kíláàsì, tó jẹ́ pé ìyá bàbá rẹ̀ nìkan ló ń gbọ́ ohun tó ń wí nílé. O dúró sẹ́yìn rẹ̀, o fi ṣíbí lu agolo mílíìkì, kò yíjú. O yẹ etí rẹ̀ wò, o rí ọyún. O wá mọ̀ pé ahọ́n ọmọ náà kò jẹ̀bi. Etí ló ti ń yọ ọ́ lẹ́nu láti kékeré, ohun tí kò sì gbọ́ dáadáa, kò lè wí i dáadáa.

Ibi tí o ṣe é dé yẹn, inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn náà ni o gun kẹ̀kẹ́, o bá bàbá ọmọ náà lábẹ́ igi tí òun àti àwọn agégi ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń sinmi, o sì là á mọ́lẹ̀ níbẹ̀ pé, “Bàbá Múìbátù, ọmọ yín ò gbọ́ràn dáadáa, ìdí nìyẹn tí kò fi mọ ọ̀rọ̀ sọ.” Ọkùnrin náà dá ọ lóhùn pé kò sí adití nínú ìdílé àwọn. Ó délé, ìyá rẹ̀ ní okùn abẹ́ ahọ́n ló so ọ̀rọ̀ mọ́ ọmọ náà lẹ́nu, wọ́n sì ti ránṣẹ́ sí olóólà pé kó wá gé e ní Ọjọ́bọ̀. Bí wọ́n bá gé e tí ọmọ kò bá sọ̀rọ̀, bàbá rẹ̀ ní yóò kúrò ní iléèwé, yóò lọ máa kiri ọjà fún àbúrò òun ní Àgbádárìgì. Hẹdimásítà ní ọ̀rọ̀ ilé onílé kò kan tíṣà. Ni o bá wọkọ̀ wálé, o ní o fẹ́ bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gbé ọ lọ sí iléèwé àwọn ọmọbìnrin kan l'Ékòó, níbi tí àwọn ọmọ ti mọ ọ̀rọ̀ sọ tán kí o tó débẹ̀.

Bàbá rẹ ní kí o máa lọ, pé kò yẹ kí ọmọ tó ti òkè òkun dé máa jókòó sáàárín ọkọ́. Èmi ní rárá, kì í ṣe ní ọ̀sẹ̀ yìí.

Àkọ́kọ́, mo ní láti bá ọ wí, kí ara lè tu èmi àti ìwọ. Ohun tí o sọ lábẹ́ igi yẹn, òótọ́ ni. Ibi tí o ti sọ ọ́ ni kò dára. A kì í ṣojú oníka mẹ́sàn-án kà á. Ìwọ wá kà á lójú rẹ̀, o kà á lójú àwọn tí yóò bá a gégi lọ́jọ́ kejì, o sì kà á sókè. Kí lo fẹ́ kó ṣe? Bó bá gbà fún ọ, a jẹ́ pé ó ti sọ ọmọ rẹ̀ di ẹni yẹ̀yẹ́ lójú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó wá ohun tí yóò tètè pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́, olóólà ló sì rí. Mi ò sọ pé ìwọ lo ránṣẹ́ sí olóólà o. Ìtìjú ló ránṣẹ́ sí i, ìwọ lo sì kó ìtìjú bá ọkùnrin náà níbi tí kò ti rọ́nà sá. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Wọn kò lè kọ́ ọ níyẹn ní òkè òkun, ilé ni ó yẹ kí o ti mú un lọ.

Nítorí náà, ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, nígbà tí wọ́n bá ti kírun Àsárì tán, lọ sí ilé wọn ní Ìbà. Má gun kẹ̀kẹ́ wọ àgbàlá wọn. Sọ̀ kalẹ̀ níta, kí o máa tì í wọlé. Má bèèrè bàbá ọmọ. Ìyá Àgbà, ìyá bàbá Múìbátù, ni kí o bèèrè, nítorí àwọn ló dájọ́ fún olóólà, àwọn náà ló lè dá a dúró. Kúnlẹ̀ kí wọn dáadáa, má kí wọn bí ẹni tó ń sáré. Jókòó sórí ẹní, má gba àga bí wọ́n bá gbé e wá. Bèèrè ewúrẹ́ wọn, bèèrè orúnkún tó ń dùn wọ́n. Wọ́n máa mọ̀ pé kì í ṣe ewúrẹ́ lo bá wá, àwọn fúnra wọn ni yóò bi ọ́ pé, “Tíṣà, ṣé kò sí o?” Ìgbà yẹn ni kí o bẹ̀ wọ́n. Sọ pé o ṣẹ àwọn àti ọmọ wọn, pé ọ̀rọ̀ inú ilé ni o sọ níta. Má ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ kì í rojọ́.

Bí wọ́n bá ti gbà, má mú ṣíbí jáde. Má mú agolo jáde. Bẹ̀ wọ́n pé kí àwọn fúnra wọn pe Múìbátù láti ẹ̀yìn rẹ̀, pẹ̀lú ohùn tí wọ́n fi ń pè é lójoojúmọ́, kí wọ́n sì tún wá síwájú rẹ̀ kí wọ́n pè é. Kí wọ́n rí i. Ohun tí Ìyá Àgbà bá fi ojú ara wọn rí, wọn kò ní í sọ pé ọmọ kékeré kan tí kò tíì lọ́kọ ló wá kọ́ àwọn. Lẹ́yìn náà ni kí o fi ẹ̀kọ díẹ̀ kan ètè ọmọ náà, kí ó lá a. O ti sọ fún mi pé ahọ́n tó bá lè jáde wá lá ètè, okùn kò so ó. Sọ fún wọn bí o ṣe sọ ọ́ fún mi, kí o sì dákẹ́ kí wọ́n rò ó.

Ohun kan wà tí ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé máa ń gbàgbé. Ẹ máa ń gba ohun tó wà lọ́wọ́ ènìyàn, ẹ ò ní í fi nǹkan kan dípò. Má gba olóólà lọ́wọ́ wọn kí o wá fi ọwọ́ wọn sílẹ̀ lófo. Sọ fún wọn pé ìwọ yóò mú ọmọ náà wá sí dìsípẹ́ńsárì Ọ̀jọ́ níbí kí wọ́n fọ etí rẹ̀, pé bó bá ku nǹkan kan, dókítà wà l'Ékòó tó ń wo etí. Ilé mi ni kí ẹ sùn sí. Ṣùgbọ́n má ṣèlérí pé ọmọ náà yóò máa sọ̀rọ̀ bí ẹyẹ ẹ̀gà. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé ṣé yóò sọ̀rọ̀ bí ẹgbẹ́ rẹ̀, sọ pé o kò mọ̀, sọ pé yóò sàn ju báyìí lọ. Ẹni tó purọ́ fún àgbà lẹ́ẹ̀kan ti ta ẹnu rẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ èmi fúnra mi. Mo mọ̀ pé o ti ń rò ó nínú ara rẹ pé, “Ìyá mi á bá mi lọ. Àgbà bíi Ìyá Àgbà ni wọ́n. Wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́.” Mi ò ní bá ọ lọ.

Ṣé o rántí pé kí n tó di aránṣọ, mo ṣe tíṣà kékeré ní iléèwé ìjọ wa níbí, nígbà tí mo ṣì jẹ́ omidan? Ọmọ kan wà ní kíláàsì mi, Sùnmọ́nù, ọmọ apẹja. Ó ń kólòlò gan-an. Bí mo bá bi í léèrè, á ṣí ẹnu, ọrùn rẹ̀ á le, àwọn ọmọ yòókù á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, àánú rẹ̀ á sì ṣe mí. Ni mo bá ń bá a parí ọ̀rọ̀. Ó bá bẹ̀rẹ̀ “B-b-b”, èmi á ní, “Bàtà, ó ṣeun, jókòó.” Mo rò pé mo ń ṣe dáadáa. Àwọn ìyá rẹ̀ pàápàá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Kò pẹ́, Sùnmọ́nù kò bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kankan mọ́. Á kàn dìde, á máa wo ẹnu mi, á dúró kí n wá ọ̀rọ̀ fún òun. Lọ́jọ́ tí ìnsípẹ́kítọ̀ wá wo iléèwé wa, èmi kò lè bá a sọ ọ́, ọmọ náà sì dúró síwájú gbogbo ènìyàn láìsọ nǹkan kan, ó ń wò mí. Ó mọ ìdáhùn náà o. Èmi ni mo ti kọ́ ọ pé ẹnu rẹ̀ kò wúlò. Nígbà tí iléèwé tún wọlé, kò padà wá, ó ti bá bàbá rẹ̀ lọ sójú omi.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní bá ọ lọ sí Ìbà. Bí mo bá tẹ̀lé ọ, èmi ni Ìyá Àgbà yóò máa wò, nítorí ewú orí mi. Èmi ni yóò sọ ọ́, ìwọ á jókòó, a ó borí, o kò sì ní mọ bí a ṣe ń ṣe é títí ayé. Irú ọ̀rọ̀ yìí kò ní tán ní Ìbà. Ilé tí wọ́n ti fẹ́ pe olóólà pọ̀ láti ibí dé Àgbádárìgì.

Bákan náà ni kí o máa ṣe sí àwọn ọmọ rẹ. Gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n wí pé bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Wọ́n á wí i, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọn kò sì ní dúró kó pè é. Ìwọ dúró. Iṣẹ́ rẹ nìyẹn, bí mo ṣe lóye rẹ̀, ohun tó kù jẹ́ ọ̀nà tí wọ́n fi kọ́ ọ láti dúró.

Má sì gbàgbé ilé. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ní ọdún kan náà tí mo ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́ fún Sùnmọ́nù, ọmọbìnrin kan wà tí kò sọ nǹkan kan ní kíláàsì mi títí tí a fi gba ìsinmi. Mo ní ọlọ́kàn líle ni. Mo ní kó kúnlẹ̀, ó kúnlẹ̀. Mo ní kó dìde, kò dìde, mo ní, “Ẹ ẹ̀ rí i, ó ń fojú di mí.” Ọjọ́ kan ni mo sọ̀ kalẹ̀ lọ ra ẹja létí omi, mo gbọ́ ohùn ọmọ kan tó ń dápàárá, tó ń pa àwọn àgbà lẹ́rìn-ín, òun náà ni, Ègùn ló sì ń sọ. Kò gbọ́ Yorùbá mi ni. Iwájú gbogbo àwọn obìnrin ẹlẹ́ja yẹn ni mo dúró sí bí òpó. Àwọn ọmọ Ègùn ṣì wà ní iléèwé wa níbí, Àbẹ̀kẹ́. Bí tíṣà kan bá mú ọmọ wá fún ọ pé kò lè sọ̀rọ̀, kọ́kọ́ bèèrè èdè tí ìyá rẹ̀ fi ń bá a wí.

Ó tún ku èyí tí mo rò pé ó ṣe pàtàkì jù, bí o kò bá tilẹ̀ rí i nínú ìwé rẹ. Ní ilé Múìbátù, ta ló ń rán an níṣẹ́? Mo lè búra pé kò sí. Wọ́n á ní, “Má rán Múìbátù, kò ní lè jẹ́ ẹ, rán àbúrò rẹ̀.” Wọ́n rò pé àwọn ń ṣìkẹ́ rẹ̀. Ọmọ tí a kì í rán níṣẹ́ nínú ilé ti di àlejò níbẹ̀. Kò mọ ilé ta ni wọ́n ti ń gba iyọ̀, kò mọ bí a ṣe ń kí ìyá onílé kejì, kò ní ìdí kankan láti la ẹnu. Bẹ Ìyá Àgbà pé kí wọ́n máa rán an, iṣẹ́ kékeré sí aládùúgbò, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. “Lọ sọ fún Ìyá Rálíà pé, iyọ̀.” Kí wọ́n kojú sí i, kí ó rí ẹnu wọn, kí wọ́n sì ti sọ fún Ìyá Rálíà kó ní sùúrù. Ìwọ náà máa rán an ní iléèwé. Jẹ́ kó mú ṣọ́ọ̀kì lọ fún tíṣà kíláàsì kejì, kó sì ní nǹkan kan láti wí bó bá débẹ̀. Bó bá ṣì í wí, kò burú, iṣẹ́ ti dé.

Ní ti hẹdimásítà rẹ, má bá a jà nítorí yàrá. Kó ọkọ́ wọn jọ sí igun kan, gbá ilẹ̀, ṣí fèrèsé, kí o sì pè é ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan kó wá jókòó wo ohun tí o ń ṣe. Ọkùnrin tó ní iléèwé tó kún fọ́fọ́ bẹ́ẹ̀, tí àwọn ọmọ ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́, ń wá ẹni tí yóò gba díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ olóólà yìí, má gba tirẹ̀. Bó bá ní kò kàn ọ́, sọ pé, “Ẹ má bínú, sà,” kí o sì máa lọ sí Ìbà.

Mísì Akólòlò ńkọ́? Nígbà tí mo fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀ tí mo bẹ̀rẹ̀ ìránṣọ, Tíṣà Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè mí ní gbogbo àdúgbò yìí. Mo ń dáhùn. Mo ń dáhùn tọ̀yàyàtọ̀yàyà títí ó fi sú wọn. Lónìí, àwọn tó ń pè mí bẹ́ẹ̀ ló ń bẹ̀ mí pé kí n jọ̀ọ́, kí n bá àwọn rán ti ọmọ àwọn kí iléèwé tó wọlé. Bí orúkọ kò bá gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ, máa jẹ́ ẹ lọ.

Jẹ́ kí n wá sọ ohun tí mi ò sọ fún ọ ní Sátidé, nítorí pé o ń sunkún, èmi náà kò sì fẹ́ sunkún. Èmi ni mo rán aṣọ Múìbátù. Ìyá Àgbà mú un wá láti Ìbà. Mo wọn èjìká rẹ̀, mo wọn àyà rẹ̀, mo bi í pé kí lorúkọ rẹ̀. Kò dáhùn, Ìyá Àgbà ló dáhùn. Mo ní, “Ọmọ yìí mà ń tijú o.” Ìyá Àgbà ní, “Ìtìjú ló ń ṣe é, Ìyá Aránṣọ. Ẹ jẹ́ kó gùn dáadáa o, ó ń yára dàgbà.” A jọ rẹ́rìn-ín, mo sì pe ẹlòmíràn. Ọmọ náà dúró síwájú mi tó bẹ́ẹ̀, mo fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, mi ò rí nǹkan kan. Tíṣà rẹ̀ rí i lójoojúmọ́, kò rí nǹkan kan. Bàbá rẹ̀ àti ìyá àgbà rẹ̀ tí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ kò rí i. Ìwọ nìkan ni o rí i ní gbogbo Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkòkómáíkò. Nígbà tí o bá lọ, ta ni kí wọ́n tún rán wá?

Mi ò ní dè ọ́ mọ́lẹ̀. Bí o bá ti lọ sí ilé wọn ní Ọjọ́rú, tí o jókòó, tí o sọ ọ́ bó ti yẹ, tí wọ́n bá ṣì lé ọ jáde, padà lọ ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ kí olóólà tó dé, kí o tún kúnlẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá parí, tí ọkàn rẹ bá ṣì wà l'Ékòó, wálé, mo máa bá ọ di ẹrù rẹ, mi ò ní sọ ọ̀rọ̀ kan. Ṣùgbọ́n ìwọ kọ́ lo máa sá fún Ọjọ́bọ̀ yẹn kí ọmọ náà dá nìkan kojú abẹ.

Àwọn ọmọ tó ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, bí tíṣà wọn bá fẹ́ lọ, wọn á dì mọ́ ọn láṣọ, wọn á ní, “Mísì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ.” Múìbátù kò lè wí i. Kò tilẹ̀ lè gbọ́ ọ bí ẹlòmíràn bá ń wí i pé o ń lọ. Ọjọ́ kan ni yóò kàn dé yàrá ọkọ́ yẹn, tí kò ní bá ọ níbẹ̀.

Èmi ni ìyá rẹ, tó bí ọ, tó fẹ́ràn rẹ, tí kò sì ní bá ọ lọ sí Ìbà.